Inú Rírun Tí Kò Gbọ́dọ̀ Dúró Di Àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago méjì òru ni, nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Berea, ní ìlú Johannesburg. Bàbá ẹni ọdún 63 tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn jí lójijì, ó di ikùn mú, ó ń ké. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan ikùn náà, ó rí i pé kò le, kò sì wú. Gbogbo ilé wá ń wo ara wọn. Ẹnì kan ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹnì kejì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ní oúnjẹ dídùn tí Bàbá jẹ lálẹ́ àná ló fà á, àgbo sì wà nínú fìríìjì. Nígbà tó yá ni ẹnì kan sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò sínú: "Ṣé wọ́n máa gbà wá ní ọsibítù? Físà Bàbá ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Wọ́n bá pinnu pé kí àwọn dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Àpẹẹrẹ lásán ni bàbá yìí, àwa la fọwọ́ ara wa yà á. Ṣùgbọ́n bóyá ni ilé Yorùbá kan wà, ní Berea tàbí ní Ìbàdàn, tí wọn kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn rí. Inú rírun tó pọ̀ jù lọ ló máa ń lọ lóòótọ́, bóyá wọ́n lo oògùn tàbí wọn kò lò ó. Ti bàbá wa yìí lè má lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dúró, kò dé inú ìfun kékeré rẹ̀ mọ́, wákàtí tí wọ́n sì fẹ́ fi sùn ni wákàtí tí dókítà ìbá fi gbà á là.

Ẹ má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú o. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, irú èyí tí a máa ń mu ẹ̀fọ́ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ fún. Ẹ̀jẹ̀ wà. Ọ̀nà tó ń gbà dé ìfun ló dí.

Bí omi ṣe ń dá nínú ilé gíga

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Ibẹ̀ ni ara ti ń fa èròjà inú oúnjẹ. Òpójẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara òpójẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ikùn ló sì ti yà. Ẹni tó bá ti gbé ilé gíga rí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ wo Ponte, ilé roboto tó wà ní Berea níbí, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1975, tó ga ní àjà 54. Bí páìpù omi tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ látìsàlẹ̀ bá dí, ẹni tó ń gbé lókè pátápátá ni ẹ̀rọ omi rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbẹ.

Nínú ìfun, awọ inú lọ́hùn-ún, èyí tó ń fa oúnjẹ gan-an, ló dà bí ẹni tó ń gbé lókè pátápátá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Awọ ẹ̀yìn ìfun, èyí tó fara kan ògiri ikùn, ló máa ń gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ikùn fi lè rọ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín ń yí gbiri nílẹ̀. Ìrora tó ju ohun tí ọwọ́ bá lára ikùn lọ: àmì tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà láti máa wá nìyẹn, a sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ó sábà máa ń dé lójijì, ó sì sábà máa ń mú èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru dání, bí ẹni pé ikùn fẹ́ tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sóde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó burú jù ni pé ìrora náà lè rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ilé á dúpẹ́, wọ́n á ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìfun náà ti ń kú ni, tí kò lè ké mọ́. Nígbà tí ikùn bá wá wú, tó le bí pátákó, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, tí ibà dé, tí ọ̀rọ̀ aláìsàn kò já gaara mọ́, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé rárá lè bà jẹ́ kọjá àtúnṣe láàárín nǹkan bíi wákàtí 6. Àrùn yìí kò wọ́pọ̀, nínú nǹkan bí 1,000 ènìyàn tí wọ́n gbé dé ọsibítù ní pàjáwìrì, ẹnì kan lè ní in. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó mú lójijì, nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń kú, pàápàá nítorí pé wọn kò tètè mọ̀.

Nítorí náà, ẹ má fún ẹni tí inú ń run báyìí ní àgbo, ẹ má sì fún un ní oògùn tó ń múni yàgbẹ́. Ẹ má fún un ní oúnjẹ. A kò bá àgbo jà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi dàgbà. Àmọ́ àgbo kò lè yọ ìdì ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú òpójẹ̀, ó sì ń jẹ àkókò. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ara ríro láti ṣọ́ọ̀bù spaza tó wà lórígun títì.

Ta ló yẹ kó fura?

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège ló ṣáájú. Bí yàrá òkè inú ọkàn kò bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á dúró síbẹ̀ bí omi adágún, á sì dì. Lọ́jọ́ kan ìdì ẹ̀jẹ̀ náà á já, á bá ìṣàn lọ. Bó bá lọ sí ọpọlọ, ó di àrùn rọpárọsẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn, òpójẹ̀ ìfun ló rọrùn fún un láti kó sí, nítorí pé gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ ló yà kúrò lára òpójẹ̀ ńlá. Èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa ti òjijì. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìkan. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ wà tí ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí wọn kò tọ́jú nígbà ọmọdé ti ba ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn jẹ́, tí ọkàn wọn sì wá ń lù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá máa ń mú kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ inú òpójẹ̀ títí tí àyè á fi há. Ìgbà mìíràn wà tí ohunkóhun kò dí òpójẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí agbára ẹ̀jẹ̀ ti relẹ̀ jù: ìgbẹ́ gbuuru tó gbẹ omi ara tán, àìsàn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, tàbí ọkàn tó ti rẹ̀. Kokéènì náà máa ń fún òpójẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún dókítà, dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ̀jẹ̀ sì tún lè dì nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà kúrò lára ìfun. Ti ẹ̀yìn yìí máa ń yọ́ wá ni, inú lè máa run fún ọjọ́ mélòó kan kó tó le. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè dì ló máa ń ṣe, àti àwọn obìnrin mìíràn tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró.

A kò lè kúrò níbí láì dárúkọ ìpá, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà pàdánù ẹ̀jẹ̀ inú ìfun. Ìfun á yọ gba ibi tí ògiri ikùn ti fẹ́lẹ́, nísàlẹ̀ ikùn lẹ́bàá itan, á sì máa padà nígbà tí ẹni náà bá dùbúlẹ̀. Ọkùnrin lè fi agbádá bò ó fún ogún ọdún nítorí ẹ̀sín. Lọ́jọ́ tó bá há síbẹ̀, ọrùn ibi tó ti yọ á fún ìfun náà pa bí ẹni fi okùn so ó, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè wọlé mọ́. Wúlìwúlì tó máa ń padà á kọ̀ kò ní padà, á le, á dun ẹni náà, èébì á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní lè sọ́ mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà tipátipá, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ọsibítù ni. Iṣẹ́ abẹ ìpá tí kò tíì há kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá, ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bá há tó sì ti rà sínú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù wúwo lọ́jà, tí ẹ mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ṣòkòtò yín, ẹ̀yin là ń bá wí.

Ìyá tí kò fẹ́ jẹun mọ́

Oríṣi kan wà tí kì í ké. Ìyá tó fẹ́ràn àmàlà tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ebi kò pa òun. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ máa rí i pé kì í ṣe pé ebi kò pa á, oúnjẹ ló ń bà á lẹ́rù. Bó bá jẹun tán, ní ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan lẹ́yìn náà, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, méjì tàbí mẹ́ta. Ó wá ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń rù, aṣọ ń tóbi lọ́rùn rẹ̀. Ilé á ní ọgbẹ́ inú ni, tàbí pé àgbà ti dé, tàbí kí wọ́n máa wá ẹni tó ń ṣe é lábẹ́lé.

Òpójẹ̀ mẹ́ta ló ń bọ́ ikùn, wọ́n sì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí méjì bá ti há, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé lè tó fún ìfun tó ń sinmi, ṣùgbọ́n kò ní tó fún ìfun tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti lé ní ọdún 60, ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì ń ṣe àwọn tó ń mu sìgá tàbí tó mu ún rí. Ìyá yìí kò nílò áńbúláǹsì lónìí. Ó nílò kí ẹnì kan sọ fún dókítà pé, "Lẹ́yìn oúnjẹ ni, ó sì ti rù," kí wọ́n lè yẹ òpójẹ̀ náà wò. Wọ́n lè fi páìpù onírin tín-ín-rín la ibi tó há, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tó fún ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tí bàbá àárọ̀ yẹn wà.

Ìbẹ̀rù ẹnu ọ̀nà

Ní Berea, Hillbrow àti Yeoville, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ló ń dá ènìyàn dúró sílé. Ìbẹ̀rù ni. Lọ́dún 2025, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Operation Dudula dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn kílíníìkì, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀, wọ́n ń lé àwọn àjèjì padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Johannesburg pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́: wọn kò láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ìtọ́jú.

Òfin tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti pẹ́. Abala 27 nínú ìwé òfin South Africa ti ọdún 1996 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹnikẹ́ni ní pàjáwìrì. Ó ní "ẹnikẹ́ni", kò ní "ọmọ onílẹ̀". Òfin Ìlera ti ọdún 2003 fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ilé ìtọ́jú, èyí tó kan ti aládàáni pẹ̀lú. (Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 náà sọ ohun kan náà, ẹ̀yin ará ilé.) Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ibi tí òfin yìí dé. Nínú ẹjọ́ Soobramoney lọ́dún 1997, Ilé Ẹjọ́ Ìwé Òfin ṣàlàyé pé àjálù òjijì ni pàjáwìrì, kì í ṣe àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nítorí náà bàbá tó jí lóru wà lábẹ́ ààbò òfin náà, ṣùgbọ́n ìyá tó ń rù lè nílò owó àti ìwé kí wọ́n tó dá a lóhùn. Kò dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Òfin kò sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni ti pàjáwìrì, ìwé owó lè dé lẹ́yìn náà. Gbèsè ṣeé dúnàádúrà lé lórí.

Nọ́ńbà áńbúláǹsì ìjọba ni 10177, ẹ sì lè pe 112 látorí fóònù alágbèéká. Bí kò bá tètè dé, ẹ wá ọkọ̀. Ọsibítù Charlotte Maxeke ní Parktown kò jìnnà sí Berea rárá. Obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ láti South Africa tó gba oyè yunifásítì, ní Amẹ́ríkà níbi tó ti jẹ́ àjèjì. Ọsibítù ńlá ló yẹ kí ẹ gbé irú aláìsàn yìí lọ, níbi tí oníṣẹ́ abẹ àti ẹ̀rọ CT wà.

Bí ẹ bá débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan máa kọ́kọ́ fi àwọ̀ pín yín: pupa ni ti ẹni tí wọ́n máa dá lóhùn lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà yẹ́lò, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Ẹni tí ìrora rẹ̀ bá le gan-an yẹ kó wà ní àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé sì lè dúró fún wákàtí púpọ̀. Ibí ni ìwà ọmọlúàbí wa ti lè pa wá. Bàbá tó ti ń ké nílé á dé iwájú nọ́ọ̀sì, á gbé ojú ró, á ní, "Ó ti ń rọlẹ̀ díẹ̀." Ẹ má jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ sọ aago tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ pé lójijì ni, pé ìrora náà pọ̀ ju bí ikùn ṣe rí lọ́wọ́, pé Bàbá ní àìsàn ọkàn tàbí ó ti ní rọpárọsẹ̀ rí. Kó béèrè láìṣojo pé, "Ṣé kò lè jẹ́ òpójẹ̀ ìfun ló dí?" Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè yẹn. Bí ìrora bá sì yí padà níbi tí ẹ ti ń dúró, ẹ padà lọ sọ fún un.

Ohun tí wọ́n máa ṣe

X-ray lásán lè máà fi nǹkan kan hàn. CT tí wọ́n fi oògùn àwọ̀ sínú iṣan fún ló ń fi òpójẹ̀ hàn kedere. Wọ́n á fún aláìsàn ní omi, afẹ́fẹ́, oògùn kòkòrò, àti heparin tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ ìdì ẹ̀jẹ̀ náà, yálà nípa iṣẹ́ abẹ tàbí nípa ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n gbà ojú òpójẹ̀ wọlé. Bí ìfun kan bá ti kú, wọ́n á gé e. Ẹ má bẹ̀rù bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún ikùn ṣí lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48. Ìfun mìíràn wà tí ojú kò lè mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá ó máa yè, kì í ṣe pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ bà jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan apadàbọ̀, heparin nìkan lè tó.

Ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀ púpọ̀ kúrò lè máa yàgbẹ́ omi fún oṣù mélòó kan, kí oúnjẹ má sì mú un lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń fún ní warfarin tàbí irú rẹ̀, láti máa lò fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá dáwọ́ oògùn yìí dúró nítorí pé ara ti le ni ìdì mìíràn máa ń já. Warfarin sì ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, ó sì lè bá àgbo àti àwọn oògùn mìíràn jà. Bí Bàbá bá ń padà sí Ìbàdàn, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, kí ohun tí wọ́n ṣe, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú àpò tó máa gbé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ sì fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ tó wà nílé, ẹni tó máa mú un lọ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé.